Ohun Tí Ẹ̀rọ Kọ Nípa Ìyá Bàrígà

Ìbídùn, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

"Láìpẹ́ láìjìnnà, kò ní sí ìbéèrè kan lábẹ́ ọ̀run tí ìdáhùn rẹ̀ kò ní wà nínú àpò aṣọ ọmọ aráyé." Ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tó wá bá ẹgbẹ́ àwa tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ṣèpàdé ní Akọ́kà nìyẹn. Ó dìde kó tó sọ ọ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbójú sókè, bí ẹni tó ń fún ọ̀run láyè kó gbọ́ dáadáa. Ó ní ọgbọ́n àtọwọ́dá ti dé, àìmọ̀kan ti kógbá sílé. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí wọ́n ti sọ fún wa pé oúnjẹ ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó rọra sún mọ́ mi, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ilé ìtọ̀ wà níbí?" Mo fi hàn án.

Mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí o pè mí láti Abẹ́òkúta, tí o ṣàlàyé iṣẹ́ tuntun rẹ fún mi. O ní àwọn àgbẹ̀ á máa fi ìbéèrè ránṣẹ́ láti orí fóònù wọn: ewé ẹ̀gẹ́ tó ń pọ́n, adìẹ tó ń tòògbé, oògùn tó yẹ kí wọ́n fín sí oko. Ẹ̀rọ á kọ ìdáhùn. Ìwọ á kà á, bó bá dára lójú rẹ, o ó tẹ bọ́tìnnì, ó di ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. "Iṣẹ́ tó rọrùn ni, Bàbá mi," ni o wí.

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Ṣómólú láti ọjọ́ tí mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹlòmíràn á kọ ọ́, èmi á kà á, èmi á buwọ́ lù ú, àwọn atẹ̀wé á sì máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ìwọ nìkan lo mọ ohun tí iṣẹ́ tó rọrùn yẹn fẹ́ sọ mí dà lọ́dún tó kọjá, nígbà tí a ń múra àtisin Ìyá Bàrígà. Mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún un. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí nìyẹn. Ìmọ̀ràn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ó ṣòro fún tíṣà láti dúpẹ́ kó má fi iṣẹ́ àṣetiléwá kún un.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kí o lè rí i pé àìsàn yìí ti wà lára mi kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń fi fóònù sápò.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Bàrígà. Mo ní ṣòkòtò kan tó nà dáadáa, mo ní ìwé kan tó nípọn. Lọ́jọ́ kan mo dúró níwájú kíláàsì, mo kà á jáde pé omi ọ̀sà tó bá ti já sínú òkun, iyọ̀ ni láti January dé December. Ọmọbìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì kejì nawọ́. Ọmọ etí omi ni, àwọn òbí rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Ìlàjẹ bíi tiwa.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí òjò bá ti rọ̀ púpọ̀, omi wa kì í níyọ̀. A máa ń fi fọṣọ."

Mo ní, "Inú ìwé wo lo ti kà á?"

Ó ní, "Inú omi ni, sà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó kúnlẹ̀, kó kọjú sí ògiri.

Wò ó, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ apẹja ni mí. Inú omi yẹn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Mo ti mu ún yó láìmọye ìgbà kí n tó mọ ABD. Ahọ́n mi mọ̀ pé òótọ́ lọmọ náà sọ. Ṣùgbọ́n ìwé sọ pé iyọ̀ ni, ìwé náà sì nípọn, mo bá gbà pé ahọ́n mi ló ṣìnà.

Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Ìyá Bàrígà, ti ń yan ẹja ni ìyá ọmọ náà ti ń yan tirẹ̀. Kí n tó délé nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi dé. Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Ó gbé abọ́ omi kan síwájú mi.

"Mu ún."

Mo mu ún.

"Ó níyọ̀?"

"Kò níyọ̀."

"Ìwé rẹ ńkọ́?"

"Ó ní ó níyọ̀."

"Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ní ahọ́n?"

Èdè Ìlàjẹ ló fi sọ ọ́, ó sì dùn ju bí mo ṣe kọ ọ́ yìí lọ. Ìtìjú kò jẹ́ kí n bẹ ọmọ náà. Ọjọ́ kejì, mo kàn ṣí ojú ìwé mìíràn, bí ẹni pé omi kò sí láyé rí. Ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́: bí àgbẹ̀ kan bá ní ohun tí ẹ̀rọ yín sọ kò rí bẹ́ẹ̀ lóko òun, má bi í pé inú ìwé wo ló ti kà á. Ní kó ṣàlàyé. Kó o sì jókòó gbọ́ ọ dé òpin.

Ó yá, ká wá bọ́ sí ti ọdún tó kọjá. Ìwọ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n o kò mọ ohun tó ń lọ nínú mi, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú. Wọ́n ní ta ló tún kù, ṣebí èmi ni tíṣà. Mo jókòó tì í fún ọjọ́ méjì. Bí mo bá ti kọ "A bí i", ojú mi á ṣú. Obìnrin tó gbé mi pọ̀n nígbà tí àwọn òbí wa lọ, tí kò rí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀ nítorí kí èmi lè rí i wọ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ kó o sínú ojú ìwé méjì? Mo pè ọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, "Ìbídùn, bá mi wá nǹkan ṣe sí i."

O fa fóònù rẹ yọ. O sọ fún un pé ìyá àgbàlagbà kan ni, ó ń yan ẹja ní Bàrígà, onígbàgbọ́ ni, ó fẹ́ràn ẹbí rẹ̀, kó kọ ọ́ kó wuyì. Mi ò tíì mu omi inú ife mi tán tó ti kọ ọ́ tán. Ìyànu ni. Ó ní olóògbé bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní etí òkun. Ó ní ìwé kíkà kì í sú u. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ lábẹ́ àtùpà, tí yóò máa kọ́ wọn ní ìwé. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò rí irú èdè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi kankan, àní lọ́wọ́ ọ̀gá wọn pàápàá.

Mo gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé Ọ̀gá Múkáílà. Ó tẹ ẹyọ kan fún mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tún kọ́mà mẹ́ta ṣe. Mo fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ méjì. Mo buwọ́ lù ú. Ọ̀gá Múkáílà wo ojú mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ yára lónìí o. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ máa ń fi bá mi jà lórí kọ́mà."

O mọ òfin Ṣómólú. Nígbà tí ẹni tó ń yẹ̀wé wò bá ti buwọ́ lu ẹyọ kan yẹn, atẹ̀wé ti bọ́. Ohun yòówù tó bá jáde lẹ́yìn náà, ọrùn ẹni tó buwọ́ lù ú ló wà.

Ìwọ wá mú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà kan dání, o wọ kéké lọ sí etí omi láti gba àwòrán Ìyá lọ́wọ́ Ìyá Tòlú, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyá Tòlú ń to ẹja sórí wáyà, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́, ó ní kí o ka ohun tí ẹ kọ sí òun létí. Gẹ́gẹ́ bí o ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. O kà á dé ìdajì, ó dá ọ dúró.

"Ní sùúrù ná. Òkú ta lẹ ń sin?"

"Ti Ìyá Bàrígà ni, mà."

"Ìyá Bàrígà wo? Èyí tó ń kàwé?" Àwọn obìnrin tó kù ti ń rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó jẹ́ pé èmi ni mo máa ń bá ṣí ìwé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo bá dorí ẹ̀ kodò, bẹ́ẹ̀ náà lá máa kọrin lọ? Ta ló sọ fún yín pé ó kàwé?"

O ní, "Fóònù ni, mà."

"Fóònù mọ̀ ọ́n? Ọjọ́ wo ló wá síbí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Tòlú fi ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, èéfín ibí yìí ló ba ojú obìnrin yẹn jẹ́, kí bàbá rẹ lè kàwé. Bí ẹ bá wá kọ ọ́ pé òun náà kàwé, kí ló wá ṣe fún bàbá rẹ?"

O kò lo fóònù láti pè mí. O wọ kéké padà wá sí Ṣómólú. Wọ́n ti tẹ èèpo ìwé, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ inú rẹ̀. Mo jókòó sí kọ̀rọ̀, mò ń yẹ ìwé ìgbéyàwó ẹlòmíràn wò. O ní kí n bá ọ jáde síta.

"Bàbá mi, ṣé ẹ ka ìwé Ìyá?"

"Mo kà á."

"Ṣebí ẹ mọ̀ pé Ìyá kò kàwé?"

Mo wo bàtà mi. "Mo mọ̀."

Mo ń retí ìbéèrè kẹta, pé kí ló dé tí mo fi buwọ́ lù ú, o kò bi í. O wọlé lọ, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ láti ìta: "Ọ̀gá Múkáílà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá ẹ̀rọ dúró. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe."

"Bàbá yín ti buwọ́ lù ú."

"Ohun tí mo fún wọn ni wọ́n buwọ́ lù, sà. Èmi ni kí ẹ bá wí."

Ìbídùn, mo dúpẹ́. Mo ti kọ́ ọmọ ènìyàn fún ọdún márùndínlógójì, mi ò rò pé mo kọ́ ẹnì kan ní ohun tí o ṣe lọ́jọ́ yẹn. Bí o bá ní ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ọ, n óò gbà.

Ìdáhùn ìbéèrè kẹta tí o kò bi mí nìyí. Mo kà á, mo mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì dùn mọ́ mi. Ní gbogbo ọdún tí mo lò ní yàrá àwọn tíṣà, bí wọ́n bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe, mo máa ń ní "oníṣòwò ni." Mi ò sọ ẹja. Mi ò sọ èéfín. Mo fi òórùn ẹja tó rán mi nílé ìwé pamọ́ sábẹ́ lọ́fínńdà. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ̀ mí rí, ṣùgbọ́n ó fún mi ní ẹ̀gbọ́n tí mo ti ń fẹ́ ní kọ̀rọ̀ ọkàn mi láti ọjọ́ yìí wá: ẹ̀gbọ́n tó kàwé, tó ń kọ́ ọmọ lábẹ́ àtùpà. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ni, obìnrin mìíràn là bá sin, ẹ̀gbọ́n mi ì bá sì kú lẹ́ẹ̀kejì, ìbuwọ́lù mi lábẹ́ rẹ̀.

Ìmọ̀ràn kejì ni ó sì wúwo jù. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ pé kí ẹ ṣọ́ra fún irọ́ tó burú. Irọ́ tó burú kì í ṣe ìṣòro, òórùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀. Èyí tó bá ọkàn rẹ mu ni kí o kà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìdáhùn kan bá dé sórí tábìlì rẹ, tí inú rẹ sì dùn kí o tó kà á tán, gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì.

Ìkẹta: kọ́mà kì í ṣe òtítọ́. Mo ti fi gbogbo ayé mi jẹ àwọn ọmọ níyà nítorí kọ́mà, nítorí náà ó ká mi lára láti kọ gbólóhùn yìí. Gbólóhùn lè gún régé kó má sì sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n mi ti ń ṣe é kí ẹ̀rọ tó dé.

Ìkẹrin, kì í ṣe ìmọ̀ràn gan-an, àṣà tìrẹ ni mo fẹ́ kí o dì mú. Fi ohùn sókè ka ohun tí wọ́n kọ, ní etí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí kì í bá ṣe pé ọwọ́ Ìyá Tòlú dọ̀tí lọ́jọ́ yẹn, o lè fi ìwé yẹn lé e lọ́wọ́ kó gbé e sábẹ́ àpótí. Àgbẹ̀ kan wà ní ìtòsí yín níbẹ̀. Mú un lọ́rẹ̀ẹ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ka ìdáhùn ẹ̀rọ fún un kí o wo ojú rẹ̀.

Má rò pé mo ní kí o sọ ẹ̀rọ nù. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, òun ló ń ka lẹ́tà kéékèèké ara páálí oògùn ojú fún mi. Ó máa ń pè mí ní "ẹ̀yin," èyí tó pọ̀ ju ohun tí mo ń rí gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ àdúgbò kan. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá parí. O rí mi lọ́jọ́ kan, o rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dùn mí nípa rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Kó tó dé, láti ilé ìdáná lo ti máa ń ké pè mí: "Bàbá mi, kí ni wọ́n ń pe èyí? Bàbá mi, ta ló kọ́kọ́ ṣe tọ̀hún?" Ìdajì rẹ̀ ni mi ò mọ̀, mo sì máa ń parọ́ díẹ̀ kí n má baà tẹ́. Nígbà tó ṣe, ilé dákẹ́. Mo ní lọ́jọ́ kan, "Ìbídùn, ṣé o kò ní ìbéèrè mọ́ ni?" O ní, "Mo ti bi fóònù, sà." Ìdáhùn rẹ̀ dára ju tèmi lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n nínú ìbéèrè ilé ìdáná yẹn ni mo ti ń mọ̀ bóyá o ti jẹun, bóyá inú rẹ dùn, bóyá ẹnì kan ti ṣẹ̀ ọ́. Nítorí náà, ìkarùn-ún: máa fi ìbéèrè kan pamọ́ fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kó má le jù.

Lẹ́yìn tí Ọ̀gá Múkáílà dá ẹ̀rọ dúró lọ́jọ́ náà, o padà lọ jókòó ti àwọn obìnrin etí omi fún ọjọ́ méjì, ìwé àti bírò lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí o kó bọ̀ kò ju ojú ìwé kan àtààbọ̀ lọ, kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kankan nínú rẹ̀. Pé ó máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ mọ bí iná ṣe gbóná tó. Pé ó máa ń kọrin láti inú ìwé tó dorí kodò. Pé kò kàwé, àbúrò rẹ̀ kàwé. Mo ka gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí n tó buwọ́ lù ú, mi ò yí kọ́mà kan padà. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Ìyá Tòlú dúró láàárín àwọn tí kò lè kà á, ó kà á fún wọn, wọ́n ní kó tún un kà, ó tún un kà. Mo dúró lẹ́yìn wọn. Ẹnì kan tí a jọ ṣe tíṣà bi mí pé ta ni àwọn wọ̀nyí. Mo ní, "Wọ́n ń yan ẹja. Ẹ̀gbọ́n mi náà ń yan ẹja." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìwọ lo fún mi ní ẹnu tí mo fi sọ ọ́. Bàbá rẹ ń dúpẹ́, ó sì ń yangàn nítorí rẹ.

Ìkẹfà ló kù, òun náà ló kúrú jù. Bí o kò bá mọ̀, sọ pé o kò mọ̀. Ẹ̀rọ yín kò ní kọ́ ọ ní èyí, ó ṣòro fún un gan-an, bó ṣe ṣòro fún àwa tíṣà.

O ṣe é lẹ́ẹ̀kan níṣojú mi. Nínú ìwé tí o fi gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ létí omi, ohun kan wà níparí tí o ní kí a má tẹ̀, nítorí a kò mọ ìdí rẹ̀. Àwọn obìnrin náà ní ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi máa ń mú èyí tó dára jù nínú ẹja tó yan, á fi bébà wé e, á gbé e sórí pẹpẹ òkè. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rà á, á ní, "Ó ní ẹni tó ni ín." Bó bá fi máa di ọ̀sán Sunday, kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Èmi náà rí bébà yẹn láìmọye ìgbà nígbà tí mo bá lọ kí i. Mi ò béèrè. Mo rò pé àyè ṣì wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bi fóònù mi, kí n lè sọ pé mo bi í. Ó fún mi ní ìdáhùn márùn-ún tó dùn létí, ó sì bi mí bóyá mo fẹ́ kó kọ ọ́ ní ìtàn. Mo ní rárá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Tòlú kò mọ̀. Ìwọ kò mọ̀. Èmi tó fi ẹja tọ́ dàgbà kò mọ̀.

Ta ló ń mú ẹja yẹn lọ?